Ilẹ̀kùn Keje

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún,
Múnírù onírédíò á gbé tẹlifíṣàn rẹ̀ sójú fèrèsé,
á yí ojú rẹ̀ sí òpópónà Òkè-Pósù,
bátìrì ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀
bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.
A ó jókòó sórí àpótí, sórí ọkọ̀ ojú omi tó ti là,
àwọn kan á dúró sínú ẹrẹ̀.
Èmi wà lórí itan ìyá mi àgbà, Sàbìtíyù,
ìpẹ́ ẹja kan ń dán létí rẹ̀ bíi yẹtí.

Ilé Onílẹ̀kùn Méje lorúkọ eré náà.
Olówó kan kú, ó fi kọ́kọ́rọ́ méje sílẹ̀ fún opó rẹ̀, Ìbíwùmí.
Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kìíní, gbèsè.
Lẹ́yìn ìkẹta, àbúrò ọkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.
Nígbà tí ìkarùn-ún ṣí, Ìbíwùmí sunkún
débi pé Kámórù apẹja gbàgbé àwọ̀n rẹ̀ sódò.
Ọ̀sà gbé e lọ. Kò tilẹ̀ bínú.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn keje mú.
Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ó yí i.
Orin ìparí dé.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan tó de táì ni a rí,
ó ń sọ̀rọ̀ ajílẹ̀.
A ní bóyá wọ́n ṣèèṣì ni.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ajílẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, Múnírù gbá tẹlifíṣàn létí
bí ẹni pé òun ló gbé obìnrin náà mì.

Àwọn kan ní owó ló tán.
Àwọn kan ní ọ̀gá kan ló rí ara rẹ̀ nínú eré.
Tíṣà Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀ bá wa kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́rin,
gbogbo àdúgbò tẹ̀ka sí i.
Ìyá mi àgbà tẹ̀ka lẹ́ẹ̀mejì:
ó ní ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún Ìbíwùmí.
Èsì kò dé. Ajílẹ̀ dé.

Ó ní, "Bí apàlọ́ bá sùn lọ, ṣé àlọ́ náà sùn ni?"
Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń họ ìpẹ́ epìyà,
ó ń ṣílẹ̀kùn.
Lálẹ́ kan, ọkọ ló wà níbẹ̀, kò kú rárá, ó ń jẹ̀bà.
Lálẹ́ mìíràn, yàrá òfìfo, fèrèsé kan,
omi ọ̀sà títí lọ.
Ọdún tó ṣàìsàn, ọmọdébìnrin kan ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀,
tó ní, "Ẹ mà pẹ́."
Ó kú kó tó sọ fún mi ọmọ ta ni.

Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe.
Patákó rẹ̀ ga lójú ọ̀nà tó wọ Ẹ̀pẹ́:
Ìbíwùmí tuntun, ìpéǹpéjú rẹ̀ bí ọwọ̀,
ilé tuntun, ilẹ̀kùn onígíláàsì.
Gíláàsì! Kí ló lè fara pamọ́ sẹ́yìn gíláàsì?
Kámórù pè mí lóru, ó ṣépè títí káàdì rẹ̀ fi tán.
Ṣùgbọ́n ó wò ó. Èmi náà wò ó,
mo ń pòṣé, mo sì ń sún mọ́ iwájú.
Mùínátù ọmọ mi di apá aṣọ mi mú,
omi dúró lójú rẹ̀.
Mo fẹ́ sọ pé, "Ìyẹn kọ́." Mo pa ẹnu mọ́.

Ní ilẹ̀kùn kẹrin, wọ́n gbá a wọlé.
Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí:
ọmọ náà kò jẹun alẹ́.

Lánàá, Kámórù dé pẹ̀lú bébà àti yíǹkì,
òun tó ṣépè!
Ó ní, "Tíṣà ti kú, ìwọ ni kí o kọ ọ́.
Ta ni yóò tẹ̀ka fún Ìbíwùmí?"
Mùínátù ti ki àtàǹpàkò bọ yíǹkì,
ó dúró, ó wò wá:
"Èwo nínú wọn?"